Búrẹ́dì Tí Kò Ní Àmì Àtàǹpàkò

Bí ẹ bá ra búrẹ́dì ní àdúgbò wa nígbà yẹn, tí ẹ sì rí kòtò kékeré kan ní ìpẹ̀kun rẹ̀, bí ibi tí ìka ti wọ inú ẹrẹ̀, ọwọ́ ọkọ àǹtí mi ni búrẹ́dì náà ti wá. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń du ibi kòtò yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, torí pé ibẹ̀ ni ó máa ń gbẹ jù, tí ó sì máa ń ró lẹ́nu. Ta ló tún ń rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọkùnrin náà? Alátàǹpàkò ni tọmọdé tàgbà ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé àmì yìí, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ní békìrì tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, tábìlì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín. Kí búrẹ́dì tó wọ ààrò, ẹni tó pò ó gbọ́dọ̀ fi àmì tirẹ̀ sí i. Bí ó bá dùn, a ti mọ ẹni tí a ó yìn. Bí ó bá bàjẹ́, a ti mọ ẹni tí a ó bú. Obìnrin kan wà ní tábìlì ẹnu ọ̀nà tí ó máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà sórí tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní tábìlì ẹ̀yìn tí ó máa ń fi fọ́ọ̀kì gún tirẹ̀. Gírígírí ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí pé kì í rìn, sísá ló máa ń sá, kódà bí ó bá ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dúró dè é. Ìkánjú yìí náà ló máa ń jẹ́ kí ó gbàgbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí búrẹ́dì tí kò lámì, wọn kì í wádìí rárá. "Ti Gírígírí ni," ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Alátàǹpàkò? Ẹ lè gbàgbé orúkọ ọmọ yín kí ọkùnrin yẹn tó gbàgbé àtàǹpàkò rẹ̀.

Oníyangàn ni, kí a má parọ́. Ó gbóná bí ààrò tó ń bá ṣiṣẹ́. Bí ó bá po ìyẹ̀fun tán, á gé díẹ̀ níbẹ̀, á jù ú sẹ́nu ní tútù, á di ojú kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyẹ̀fun jà bí ẹni ń bá ọmọ wí. "Ìwọ yìí ń sùn ni! Iyọ̀ rẹ dà?" Àìmọye ìgbà ló ti gbàgbé iyọ̀, ahọ́n rẹ̀ ló máa ń ta á lólobó. Nílé náà, bákan náà ni. Á tọ́ ọbẹ̀ wò, á rojọ́. Àǹtí mi, tí í ṣe àbúrò ìyá mi, kéré lára ṣùgbọ́n ó gbóná lẹ́nu, Ata Wẹẹrẹ sì ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Á ní, "Bí kò bá dùn mọ́ ọ, lọ jẹ páànù búrẹ́dì rẹ." Ìjà ni, ẹ̀rín ni, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí ìyá ọkùnrin náà kú ni nǹkan yí padà. Àyà rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bí ó bá jókòó, á dìde. Bí ó bá dìde, á wá ibi tí yóò jókòó sí. Alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí békìrì ló sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní òkè ṣọ́ọ̀bù òun, tí àwọn ènìyàn máa ń wá jókòó sí yàrá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí orin, kò sí ìwàásù, jíjókòó lásán ni.

"Jíjókòó lásán?" ni Alátàǹpàkò wí. "Mo fẹ́ lọ rí ibi tí àgbàlagbà ti ń jókòó lásán tí wọn kò pè é ní ọ̀lẹ."

Ó lọ. Yàrá náà kò ní ju ẹní àti fèrèsé tí kò ní kọ́tìnì. Ooru áyọ́ọ̀nù alágbàfọ̀ máa ń gba abẹ́ pákó ilẹ̀ wọlé. Sálúbàtà kún ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Nọ́ọ̀sì máa ń fún ènìyàn: "Ẹni tó ń sọ pé 'èmi, èmi' nínú rẹ yẹn, wá a lọ. Bí o bá rí i, mú un wá kí n rí i."

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn! Nígbà tí àǹtí mi sọ ọ́ fún mi, mo dán an wò nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wá a wò. Ẹ ó rí ebi, ẹ ó rí ìrántí, ẹ ó rí ibi tí bàtà ti ń pa yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ni gbogbo rẹ̀ dà? Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ mi bí àdìtú nígbà yẹn. N kò mọ̀ pé ó lè tú ilé ènìyàn.

Alátàǹpàkò wá a títí, pẹ̀lú agídí kan náà tó fi ń po ìyẹ̀fun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìyẹ̀fun, ojú inú rẹ̀ là. Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àǹtí mi nìyí: "Ṣé o mọ jẹnẹrétọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé láti àárọ̀? O ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá pa á ni wàá tó mọ̀ pé ó ti ń pariwo. Wọ́n pa á ni. Ọwọ́ ń lọ, ìyẹ̀fun ń yí, kò sì sí ẹni tó ń pò ó." Ó rẹ́rìn-ín níbi tábìlì rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Iná, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ààrò, rò pé ìyẹ̀fun ló kó sí i lójú, ó sì bu omi fún un.

Àyà ọkùnrin náà balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àǹtí mi kọ́kọ́ dúpẹ́. Ọkọ rẹ̀ kò pariwo mọ́, kò gbá ilẹ̀kùn pa gbàmù mọ́, ó ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àǹtí mi fi wá bá ìyá mi pẹ̀lú ojú tó wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò ni mo ń bá gbé. Àlejò tó níwà ni o, àmọ́ àlejò ni."

Ìyá mi ní, "Ọkọ tí kò jà, tí kò mutí, tí ó ń fọ abọ́, ìwọ ń sunkún lé e lórí? Gbé tìrẹ wá, kí o gba tèmi."

"Ọ̀rọ̀ mi ò yé yín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́ aládùúgbò. Mo ti ṣọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rín kan náà ni! Èmi àti ewúrẹ́ la jọ ń pín in."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ yẹn ti kú, ọkọ òun kò pe òun ní Ata Wẹẹrẹ mọ́. Òun mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀wà jóná, ó jẹ ẹ́ tán. "Mo ní, 'Báwo ló ṣe rí?' Ó ní, 'Ó dára.' Mo ní, 'Kí ló dára níbẹ̀?' Ó ní, 'Ohun gbogbo.' Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọkọ mi bá ti kú, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ gbé òkú ènìyàn pamọ́ fún aya rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ọjọ́ búrẹ́dì fi dé.

Lọ́jọ́ náà, Alátàǹpàkò po ìyẹ̀fun bí ó ti ń ṣe. Kò tọ́ ọ wò. Ó ti pẹ́ tí ó ti fi títọ́wò sílẹ̀, torí pé kò sí èyí tí kò dùn mọ́ ọn. Nígbà tí ó tó àkókò láti fi àmì sí i, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Ó wò ó. Ó dà bíi pé ohun tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ òun láti sọ kalẹ̀ nìyí, ìyangàn kékeré yẹn, kòtò tó ń sọ fún gbogbo ayé pé "èmi ni, èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo búrẹ́dì náà wọ ààrò láìlámì. Ó ní ọkàn òun kò tíì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò fi iyọ̀ sí i.

Iléèwé kan tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà ló ra búrẹ́dì náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ wọn dá gbogbo rẹ̀ padà. Màdámù tó ni békìrì, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, kó gbogbo wọn jọ. Ó bù lára búrẹ́dì, ó tu ú jáde, ó wo orí rẹ̀. Kò sí ìlà, kò sí ihò fọ́ọ̀kì, kò sí kòtò.

"Gírígírí!"

"Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé mo gún tèmi."

"O rò? Ṣé o gún un àbí o rò pé o gún un?"

Gírígírí wo búrẹ́dì náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyọnu ẹni tó ń kánjú nìyẹn: kì í rántí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. "Bóyá èmi ni, mà," ló wí níkẹyìn, bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

"Bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi sílẹ̀. Máa lọ."

Alátàǹpàkò sì wà níbẹ̀! Ó mọ̀ pé búrẹ́dì òun ni. Ó ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Gírígírí. Kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀, kò sí ìtìjú, kò sì sí ohunkóhun tó tì í láti sọ̀rọ̀. Gírígírí bọ́ aṣọ, ó ká a dáadáa, ó sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i tí ó rìn.

Nígbà tí Alátàǹpàkò délé, ó sọ ọ́ bí ìròyìn. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá àǹtí mi ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n lé Gírígírí."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Búrẹ́dì kan ni kò níyọ̀. Ọwọ́ yìí ló pò ó."

Àǹtí mi gbé ojú sókè. "Ọwọ́ wo?"

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ọwọ́ tó ń lò ṣiṣẹ́, bí ẹni ń fi nǹkan tó rí lójú ọ̀nà hàn wá.

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé e?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O ò sọ nǹkan kan?"

"Kò sí ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀."

Àtẹ ẹ̀wà náà ṣubú. Kò sí ẹni tó ṣà á nílẹ̀. Àǹtí mi kò tilẹ̀ pariwo, ohun tó sì dẹ́rù bà mí nìyẹn. "Oníjà ni ọkùnrin tí mo fẹ́," ló wí. "Ó máa ń bú mi, ó máa ń yan bí àkùkọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ìyà rẹ̀ rí. Mò ń di ẹrù mi. Bí ọkọ mi bá ṣì wà nínú ara yìí, kí ó lọ ibi iṣẹ́ lọ́la, kí ó sọ pé òun ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí n tètè mọ̀. Mi ò lè máa se oúnjẹ fún àlàáfíà."

Ó di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀, kí Alátàǹpàkò tó dé békìrì, ó yà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Màmá Nọ́ọ̀sì tẹ́tí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n ń lé ọkùnrin yẹn, kí ni o rí nínú rẹ?"

"Àlàáfíà ni, mà."

Alágbàfọ̀ nísàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ooru sì ti ń gòkè. Nọ́ọ̀sì wá ní, "Ọmọbìnrin mi sọ fún mi nígbà kan pé òun á kanlẹ̀kùn, èmi á ṣí i, síbẹ̀ kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé. Kò wá mọ́. Àyà mi balẹ̀ sí ìyẹn náà."

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo ti kọ́ yín bí a ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀. N kò kọ́ yín bí a ṣe ń mọ èyí tí kì í ṣe ẹrù."

Alátàǹpàkò ní ìgbà tí òun gbọ́ èyí, tí òun ń sọ̀kalẹ̀, ni ẹsẹ̀ òun kọ́kọ́ wúwo lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí ó dé békìrì, ó bá Màdámù níbi tábìlì. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni mo po búrẹ́dì tí kò níyọ̀ yẹn. Gírígírí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Màdámù rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé wàá ṣe báyìí! Láti ìjọ́ tí o ti di ẹni mímọ́, eṣinṣin á bà lé ọ nímú, o ò ní lé e. Ṣé o wá ń ru ẹrù ẹlẹ́rù báyìí ni?"

"Ẹrù mi ni, mà."

"Àtàǹpàkò rẹ dà?"

"Mo fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ fi àmì rẹ̀ sí i mọ́."

Obìnrin ẹnu ọ̀nà sọ pé, "Họ̀ọ́! Ìjókòó òkè alágbàfọ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ lórí jù." Bàbá Iná ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, inú rere ló ń dà á láàmú."

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó ni wọn kò gbà á gbọ́ tó. Àlàáfíà rẹ̀ gan-an ló ń jẹ́rìí pé kì í ṣe òun. Bàbá Iná ló sọ èyí tó kù fún wa: ó ní òun rí i tí iṣan ọrùn ọkùnrin náà yọ, bí ó ti máa ń yọ láyé àtijọ́, tí ó sì gbá ọwọ́ mọ́ tábìlì tí ìyẹ̀fun fi gbalẹ̀ gbòde.

"Mo ní èmi ni! Ṣé etí yín di ni?"

Ó sáré wọ ilé ìkẹ́rùsí, ó kó àwọn búrẹ́dì tí wọ́n dá padà mọ́ àyà jáde, ó dojú wọn dé sórí tábìlì. Ó mú ọ̀kan tí ó nílà, ó mú ọ̀kan tí fọ́ọ̀kì gún, ó dojú àwọn náà dé. "Ẹ wo ìdí rẹ̀!"

"Ta ní í wo ìdí búrẹ́dì?" ni obìnrin ẹnu ọ̀nà wí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn wò ó. Ní ìsàlẹ̀ búrẹ́dì, níbi tí wọ́n ti ká ìyẹ̀fun pa dé, ìlà kan máa ń wà. Ti àwọn yòókù yí sí ọ̀tún. Ti àwọn tí kò lámì yí sí òsì, gbogbo wọn pátá.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ bú mi títí nítorí ìlà yìí. Èmi nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì níhìn-ín. Ṣé Gírígírí ní ọwọ́ òsì ni?"

Màdámù tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ ìlà náà. Bàbá Iná ní ṣe ni Alátàǹpàkò dúró tí ó ń wo àwọn ìdí búrẹ́dì náà, tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó ti rò pé òun ti fi àmì òun sílẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ tó dá a lójú jù pé kò sí ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì pa ìyẹ̀fun dé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò fo ọ̀kan ṣoṣo. Mo ti ro èyí títí. Bóyá ènìyàn kì í tán. Bóyá ó kàn lè má wo ìdí ara rẹ̀ ni.

Màdámù ránṣẹ́ pe Gírígírí. Ó ní kí Alátàǹpàkò lọ máa ru àpò ìyẹ̀fun títí òun yóò fi lè wo ojú rẹ̀. Gírígírí dé, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó kọjú sí i. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń pè é ní "bọ̀ọ̀dá", ó máa ń sọ pé "ẹ" fún un. Lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́.

"O dúró, o ń wò mí. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Ká ní o bẹ̀rù ni, ojo la máa pè ọ́, a máa gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ o rẹ́rìn-ín sí mi, ẹni mímọ́!"

Alátàǹpàkò gbé àpò ìyẹ̀fun lé èjìká.

Bàbá Iná ti sáré wá ròyìn fún wa kí Alátàǹpàkò tó délé. Àǹtí mi, tó ti jókòó lórí báàgì rẹ̀ láti àárọ̀, dìde wọ ilé ìdáná, ó sì bu iyọ̀ sí ẹ̀wà láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ìyẹ̀fun kún ọrùn rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá báàgì náà.

"Ata Wẹẹrẹ," ló wí.

Àǹtí mi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà bù ú sẹ́nu, ojú rẹ̀ ká jọ, ó di ojú kan.

"Iyọ̀ wo nìyí? Ṣé òkun lo dà sínú rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àǹtí mi! Ó lu itan, ó lu tábìlì, ó gbá mi lẹ́yìn. "Ó ti dé o! Ọkọ mi ti dé! Bú mi sí i, jọ̀ọ́, bú mi sí i!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ti ń ru báàgì padà sí yàrá.

Ìgbà tí mo jáde ni mo rí i pé ọkùnrin náà ti sọ síbí rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbé orí sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan lẹ́yìn ilé.

"Ó ti ń pariwo," ló wí.

"Kí ló ń pariwo?"

"Jẹnẹrétọ̀ yẹn." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ti tún tan án."

Ẹ̀rín kú mọ́ àǹtí mi lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká ọkọ rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá kí òun kí i káàbọ̀ ni, àbí kí òun bẹ̀ ẹ́ nítorí àlàáfíà tí ó ti pàdánù.